Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ṣé Ọ̀rá Ikùn Lè Dé Ọpọlọ?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ sísanra ló sì kún inú wọn. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ ẹnu mi ò tíì fẹ̀yìntì. Mẹ́rin ni mo mú. Ti àkọ́kọ́ ni màá jókòó tì jù, torí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ń rò tí wọn ò lè bi ọmọ wọn ló béèrè.

Ìbéèrè: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́. Ọmọ ọdún 51 ni mí. Mo sanra, mi ò sẹ́. Látìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi ni ikùn mi ò ti wọlé mọ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì FUTA wá sọ fún mi pé ọ̀rá inú ikùn mi ń ba ọpọlọ mi jẹ́, pé òun ló fà á tí mo fi ń gbàgbé ẹni tó jẹ mí lówó. Inú bí mi. Orí ni ọpọlọ wà, ikùn wà nísàlẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń pàdé? Àbí ọmọ yìí kàn fẹ́ fi ìwé bú mi ni? (Ìyá Oníléèsì, Ọjà Ọba)

Ìdáhùn: Ìyá Oníléèsì, ọmọ yín ò bú yín. Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó sáré sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì yẹ kó so ó mọ́ gbèsè àwọn kọsítọ́mà yín.

Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọ̀rá kàn ń jókòó sára ni, pé ọjọ́ ebi ló ń dúró dè. Bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n nígbà náà nìyẹn. Lọ́dún 1994 ni Jeffrey Friedman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York rí họ́mónù kan tí wọ́n pè ní leptin. Ọ̀rá ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ tó sì ń jẹ́ fún ọpọlọ ni pé oúnjẹ wà nílẹ̀, ẹ dẹwọ́. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, Hotamisligil àti Spiegelman ní Amẹ́ríkà náà ti rí i lára eku tó sanra pé ọ̀rá ń tú nǹkan míì jáde, TNF ni wọ́n ń pè é. Nǹkan tí àwọn ọmọ ogun ara máa ń lò nìyẹn bí kòkòrò àrùn bá wọlé. Kòkòrò wo wá ni ọ̀rá ń bá jà? Kò sí kòkòrò kankan. Nígbà tó di ọdún 2003, wọ́n tú inú ọ̀rá ẹni tó sanra jù wò, wọ́n sì bá ọmọ ogun ara níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá bá kún ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ kì í tó o mọ́, òmíràn á kú, àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí á sì ya lọ síbẹ̀. Wọn kì í sì í lọ mọ́.

Ẹ wo eéwo. Bó bá sọ ní itan, á pọ́n, á wú, á gbóná, á dun èèyàn dé eegun. Ìjà ni ara ń jà níbẹ̀. Tí ọyún bá ti jáde, ìjà parí. Irú ìjà kan náà ló ń lọ nínú ọ̀rá ikùn, àmọ́ kò pọ́n, kò wú, kò dunni, kò sì parí. Díẹ̀díẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ni. Ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí ò lè mọ̀ àfi bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. CRP ni orúkọ ọ̀kan nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún un ní láàbù.

Ẹ ní báwo ni ikùn àti orí ṣe ń pàdé. Inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ọpọlọ ò wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e wá fún un tọ̀sán-tòru. Lára àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wọ inú ọpọlọ, ààbò kan wà tí kì í jẹ́ kí ohun gbogbo tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí ìjà abẹ́nú yẹn bá pẹ́ lára, ààbò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Inú ọpọlọ fúnra rẹ̀ ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó ń ṣọ́ ọ, tó sì ń palẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́, microglia ni wọ́n ń jẹ́. Bí inú àwọn yẹn bá ru sókè tí kò rọlẹ̀ mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ti ń bá èkejì sọ̀rọ̀ jẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ibi tó ń darí ebi nínú ọpọlọ. Àwọn olùwádìí kan fún eku ní oúnjẹ ọlọ́ràá, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2012. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, kí eku náà tó sanra sí i dáadáa, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń darí ebi yẹn. Ibẹ̀ sì ni leptin ń jíṣẹ́ fún! Ọ̀rá ń pariwo pé ó tó, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti di etí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá àwọn tó ń pe ẹni tó sanra ní wọ̀bìà jà. Ẹ bá mi jẹ́ kí ọmọ yín ka ibí yìí.

Ó wá ku ti ìgbàgbé. Ní California, láàárín ọdún 1964 sí 1973, wọ́n wọn bí ikùn àwọn èèyàn 6,583 ṣe yọ síta tó nígbà tí wọ́n wà lẹ́ni ọdún 40 sí 45. Nǹkan bí ọdún 36 lẹ́yìn náà, wọ́n padà lọ wo ìwé ìtọ́jú wọn nílé ìwòsàn. Àwọn tí ikùn wọn tóbi jù, àrùn iyè rírá, èyí tó ń mú àgbà ṣarán, mú wọn ní ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta ti àwọn tí ikùn wọn kéré jù. Àwọn kan tún wà níbẹ̀ tí ìwọ̀n ò sọ pé wọ́n sanra, ikùn nìkan ló yọ. Ewu ń bẹ fún àwọn náà. Ẹ̀yin bàbá Alágbàká ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín oníkùn gbàǹgbà, ẹ ń gbọ́ o.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Lọ́dún 1992 ni àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti Adéṣọlá Ògúnníyì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àgbàlagbà Yorùbá tó ti pé ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀ ní àdúgbò Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde lọ́dún 2001 ni pé nínú 100 àgbà, 1.35 ni àrùn yìí ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24. Kò sẹ́ni tó sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á, nǹkan pọ̀ tó ya ìgbé ayé ibẹ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ irú oúnjẹ tí àwọn àgbà Ìdíkàn ìgbà yẹn ń jẹ, mo sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbé mínírà tútù méjì kalẹ̀ síwájú wọn láàárọ̀.

Kí n má baà dẹ́rù bà yín jù, ẹ gbọ́ èyí náà. Lọ́dún 2024, ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ka nǹkan 14 tó ń fa iyè rírá tí èèyàn lè ṣe nǹkan sí. Gbogbo wọn pa pọ̀ kó nǹkan bí 45 nínú 100. Sísanra jù wà nínú wọn, àmọ́ 1 péré ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Etí dídi nìkan kó 7! Ohun tó ń jẹ́ kí n ka ọ̀rá ikùn sí ju 1 yẹn lọ ni pé kì í dá rìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ̀ lé e, ìtọ̀ ṣúgà tẹ̀ lé e, oorun burúkú tẹ̀ lé e.

Nípa ti àwọn onígbèsè yín, kọsítọ́mà mélòó lẹ ń tà láwìn fún láìkọ ọ́ sílẹ̀? Orí tó ń gbé orúkọ ogójì èèyàn, iye tí oníkálukú ti san, àti èyí tó ku, kò ṣàìsàn bó bá gbàgbé méjì. Ẹ ra ìwé. Ọjọ́ orí yín tún ni ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù ń lọ, tí ooru òru kì í jẹ́ kí obìnrin sùn, àìsùn sì ń mú ìgbàgbé wá. Ohun tó máa mú kí n ní kí ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn ni bí ẹ bá ṣìnà láti ọjà lọ sí ilé tí ẹ ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí tí ẹ fún kọsítọ́mà ní ṣéńjì tán, tí ẹ tún ń kà á fún un.

Teepu ò jìnnà sí oníṣòwò aṣọ, ẹ mú un. Ẹ tú ìró yín, kí kókó rẹ̀ má bàa wọ inú ìwọ̀n. Ẹ fọwọ́ wá eegun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá orí eegun ìbàdí, àárín àwọn méjèèjì ni kí teepu gbà yí ká. Ẹ mí síta. Ẹ má fa ikùn wọlé. Ta lẹ fẹ́ tàn jẹ? Bó bá ju nǹkan bí ínṣì 31 àti ààbọ̀ lọ fún obìnrin, tàbí 37 fún ọkùnrin, ó yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ há nọ́ńbà sórí lè fi teepu kan náà wọn gíga rẹ̀: kí ikùn má ju ìdajì gíga lọ.

Mi ò ní sọ fún obìnrin Àkúrẹ́ pé kó má jẹ iyán mọ́, wọ́n á lé mi kúrò nílùú. Ọ̀sán ni kí ẹ jẹ ẹ́, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ẹ bá ti ọjà dé. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí epo inú ẹ̀gúsí má máa léfòó. Ohun tí mo ń bá jà gan-an ni mínírà, búrẹ́dì àti póf-póf tí ẹ ń fi pa ọwọ́ ọjà, àti ìjókòó. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ lórí àpótí kan náà, ọmọ iṣẹ́ ló ń na ọwọ́ mú aṣọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà fi máa rìn kánkán, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Ojú ọ̀nà Ọba Adésidà tutù láàárọ̀ kí ọjà tó ṣí. Bí ẹni tó tẹ̀wọ̀n 100 kílò bá fi 5 sílẹ̀ péré, ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀, ṣúgà á wálẹ̀, ìjà abẹ́nú náà á rọ̀. Kò sì tíì pẹ́ jù fún yín. Ní Finland, wọ́n kó àwọn 1,260 tó wà lẹ́ni ọdún 60 sí 77 jọ, wọ́n tún oúnjẹ àwọn kan nínú wọn ṣe, wọ́n mú wọn ṣeré ìdárayá, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ tó ń mú ọpọlọ jí, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: lẹ́yìn ọdún méjì, ọpọlọ wọn ń ṣe dáadáa ju ti àwọn tó kàn gba ìmọ̀ràn lásán lọ. Wọ́n dàgbà jù yín lọ.

Ìbéèrè: Mà, awakọ̀ ni ọkọ mi, Oǹdó sí Èkó ló ń ná. Ọmọ ọdún 44 ni, ó síngbọnlẹ̀, ọrùn rẹ̀ ki. Bó bá ń hanrun, ilé kejì ń gbọ́. Á wá dákẹ́ lójijì bí ẹni tí kò mí mọ́, lẹ́yìn náà á fà á tagbára-tagbára. Ẹ̀rín la máa ń fi rín tẹ́lẹ̀. Ní báyìí orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, ó ń kanra, kì í rántí nǹkan, oorun sì gbé e lórí sítíárì láìpẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é. (Ìyá Ìbejì, Yàbá, Oǹdó)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó wo ayé. Bí ọ̀rá bá pọ̀ ní ọrùn àti lẹ́yìn ahọ́n, tí oorun wá wọra, ẹran ibẹ̀ á dẹ̀, á sì pa ọ̀nà èémí dé. Dídákẹ́ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, kò mí ni. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta á jí díẹ̀ kó lè mí, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní mọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ ju ọgbọ̀n ìgbà lọ láàárín wákàtí kan. Ẹni bẹ́ẹ̀ fi wákàtí mẹ́jọ sùn, kò sinmi rárá. Ẹ̀jẹ̀ ń ru lóru, ìjà abẹ́nú tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Oníléèsì ń le sí i, ibi tí ọpọlọ ń kó ìrántí sí kò sì ráyè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ fi fóònù yín gba ohùn ìhanrun náà sílẹ̀, ọkọ yín á ní irọ́ lẹ ń pa. Ẹ gbé e lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú imú lóru tí ọ̀nà ò fi ní pa dé. Ó wọ́n, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Kó tó débẹ̀, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kó pa ẹmu àti ọtí alẹ́ tì, kó má sì lo oògùn oorun láé, torí ńṣe ló ń mú kí ọ̀fun dẹ̀ sí i. Bó bá lè rù, ìhanrun á dín.

Títí tí wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ilé ni. Ẹ gbà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀, mà. Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 78, wọ́n wà ní Ìdànrè. Ìgbàgbé ti wọ ọ̀rọ̀ wọn. Mo kà á lórí fóònù pé ọ̀rá ń ba ọpọlọ jẹ́, mo sì ti ní kí wọ́n má fún wọn ní iyán, ẹyin àti ẹran mọ́. Wọ́n ti rù ní tòótọ́, àmọ́ ìgbàgbé ò lọ. Kí ni kí n tún yọ kúrò? (Ọmọ Bàbá, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ má yọ nǹkan kan mọ́! Ẹ dá ẹyin bàbá padà fún wọn lónìí.

Láàárín ọdún 40 sí 60 ni ikùn ńlá ń fa wàhálà tó bá yá. Bí èèyàn bá ti kọjá 70, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹni tí iyè rẹ̀ fẹ́ rá máa ń rù ṣáájú, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fura, torí náà rírù arúgbó kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Ẹran ara tó ń lọ yẹn ló ń gbé wọn dìde lórí àga. Bó bá tán, wọ́n á ṣubú, eegun á sì kán. Kí wọ́n máa jẹ mọ́ín-mọ́ín, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, kí wọ́n gún iyán wọn kó kúnná.

Ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n ti rù. Kí wọ́n wo eyín wọn, ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, etí wọn náà. Kí wọ́n tún wò ó bóyá ìbànújẹ́ ni. Ṣé ìyá ṣì wà láyé? Ẹ ò sọ fún mi.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. FUTA ni mo wà. Ọ̀rẹ́ mi ń mu tíì tó ń fọ ikùn, ó ti rù. Ẹlòmíì tún ń ta abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn rù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní ó ń tún ọpọlọ ṣe pẹ̀lú. Èwo ni kí n lò? (Ọmọ Gúúsù Géètì, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, tíì yẹn, yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn kí o kà á. Bí o bá rí senna níbẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ ni. Omi ni ọ̀rẹ́ rẹ ń yà dànù, ọ̀rá rẹ̀ ò kúrò níbì kan.

Abẹ́rẹ́ náà ní tirẹ̀, bó bá jẹ́ semaglutide ni, oògùn gidi ni, ó sì ń mú èèyàn rù lóòótọ́. Dókítà ló ń kọ ọ́ fún ẹni tó sanra jù tàbí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe fún ọmọléèwé tó fẹ́ kí ṣòkòtò wọ òun. Ti ọpọlọ tó sọ yẹn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é dán an wò lára àwọn tí àrùn Alzheimer, irú àrùn iyè rírá kan, ti ń mú, wọ́n sì kéde lóṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé kò dín bí àrùn náà ṣe ń le sí i kù. Inú fìríìjì ló sì gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó ṣí i. Ìwọ náà mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Gúúsù Géètì. Béèrè nọ́ńbà NAFDAC lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí o sì bi í léèrè ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí bí wọ́n bá mú iná lọ.